Àtẹ ìdílé 38 ló ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ló bí bàbá bàbá ìyá mi: ta ni kí n gbà gbọ́?

Ọmọ Aṣèwádìí:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń tọ ipasẹ̀ àwọn tó bí wa. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ìran mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lérò lọ. Orúkọ mẹ́rìnlá péré ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ènìyàn 1,146 ló wà nínú àtẹ ìdílé mi, n kò sì jáde nílé nítorí ọ̀kankan nínú wọn. Ìkànnì tí mò ń lò ló máa ń fi àmì hàn mí pé ó ṣeé ṣe kí lágbájá jẹ́ ìbátan mi. Èmi á tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”, odindi ìdílé á sì wọlé tọmọtọmọ.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni ohun tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí mo ń da àwọn ọjọ́ ìbí kọ sínú ìwé kí n lè fi han ìyá mi. Ọdún 1862 ni wọ́n bí bàbá bàbá ìyá mi. Àtẹ mi sọ pé ọdún 1851 ni wọ́n bí ìyá tó bí i. Mo kọ́kọ́ rò pé oorun ló ń kùn mí. Mo mú bírò, mo yọ ọ̀kan kúrò lára ìkejì, mọ́kànlá ló kù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Mo wá lọ wo àtẹ àwọn ẹlòmíràn tí obìnrin yìí wà nínú rẹ̀, mo ka méjìdínlógójì, gbogbo wọn pátá ló sì kọ 1851. Mo bojú wo ibi tí wọ́n ti rí i, mo sì rí i pé àtẹ tèmi gan-an ni mẹ́ta nínú wọn fi ṣe ẹ̀rí. Ojú tì mí.

Ìbéèrè mi ni pé, bí ènìyàn méjìdínlógójì bá fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, kí ni èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò fi já wọn nírọ́? Ṣé àyẹ̀wò DNA lè yanjú rẹ̀, nítorí mo ti ń ronú láti ra ọ̀kan? Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tó ń dà mí láàmú: ọmọ àbúrò ìyá mi ń bínú sí mi, nítorí ó rí orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú àtẹ mi tí mo ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Èmi rò pé mo ń fi wọ́n yangàn ni.

Atúwèéwò:

Ẹ kú ìforítì, Ọmọ Aṣèwádìí. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi yóò gùn, ibi tó ń dun èmi gan-an ni ìbéèrè yín tẹ̀ mọ́.

Ọdún 1986 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Nígbà náà, bí ẹ bá fẹ́ wo ìwé ìrìbọmi ìjọ kan tó wà ní ọ̀nà jíjìn, ẹ óò kọ́kọ́ wá nọ́ńbà fíìmù tí wọ́n ya àwòrán ojúewé rẹ̀ sí, ẹ óò kọ fọ́ọ̀mù, ẹ óò sanwó, ẹ óò sì máa retí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá dé, ẹ óò jókòó sínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ óò máa fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ títí ojú yóò fi máa ta yín. Inú òkè olókùúta kan ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ni ìjọ Mormon kó ojúlówó àwọn fíìmù náà sí, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.4 ni wọ́n sì jẹ́. Wọ́n dáwọ́ fífi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ síta dúró ní oṣù kẹsàn-án 2017, nígbà tó sì di 2021 wọ́n ti sọ gbogbo wọn di àwòrán orí kọ̀ǹpútà tán. Ohun tó ń gba èmi ní oṣù méjì, ìṣẹ́jú méjì ni ó ń gbà yín. N kò ní purọ́ pé ayé àtijọ́ ló sàn jù. Ẹ̀yìn mi ṣì ń rántí àga yẹn.

Ṣùgbọ́n ìnira náà ń ṣe iṣẹ́ kan fún wa tí a kò mọ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó ti retí ìwé fún oṣù méjì kò ní wo ìlà kan ṣoṣo kí ó sì dìde. Yóò ka ojúewé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, yóò mọ àwọn ará ilé kejì, yóò mọ ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí níbi ìgbéyàwó, yóò mọ ọmọ tó kú ní rírọ̀ àti ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó mìíràn kí ọdún tó yí po. Ẹ̀rọ ìṣàwárí òde òní ń gbé ènìyàn bà sórí ìlà kan bí ẹyẹ ṣe ń bà lé ẹ̀ka. Ẹ mú ìlà yẹn, ẹ sì ti fò lọ. Orúkọ ni ẹ rí, ẹ kò tíì rí ènìyàn.

Ní ti àwọn méjìdínlógójì yẹn, mélòó nínú wọn ló fi àwòrán ìwé gidi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn? Bí ó bá jẹ́ pé àtẹ ara wọn ni wọ́n ń tọ́ka sí, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹnu tó ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ló pọ̀. Ẹ ti rí i fúnra yín pé mẹ́ta nínú wọn gba ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin náà sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni yóò wá di ẹ̀rí fún ẹ̀yin lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kó yé yín pé atọ́ka, ìyẹn àkójọ orúkọ tí àpótí ìṣàwárí ń wò, yàtọ̀ sí ìwé. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣí ìwé ìkànìyàn 1940 sílẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 2012, àwọn olùyọ̀ǹda tó lé ní 100,000 ló jókòó sílé wọn tí wọ́n ń da orúkọ kọ láti ojú àwòrán, orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 130, láàárín nǹkan bí oṣù márùn-ún. Iṣẹ́ ribiribi ni, mo wà nínú wọn. Nígbà tó kan ìwé 1950 ní 2022, ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ka ìkọ̀wé ọwọ́ náà, wọ́n sì ní kí àwọn ará ìlú máa tún un ṣe. Yálà ènìyàn ni o tàbí ẹ̀rọ, ohun tí ojú rò pé òun rí ni atọ́ka. Mo ti rí “ìyàwó” tí wọ́n dà kọ sí “ìyá”, mo ti rí ọmọ oṣù méje tí wọ́n sọ di ẹni ọdún méje. Èmi fúnra mi sọ ọkùnrin kan di obìnrin ní 2012, wọ́n sì dá a padà fún mi.

Ọgbọ́n ìṣàwárí náà ní ibi tó mọ. Ní 1918 ni Robert Russell gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà kan tí à ń pè ní Soundex, èyí tó ń kó àwọn orúkọ tó bá dún jọra sábẹ́ àmì kan, kí ẹni tó ń wá orúkọ lè rí i bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Àwọn ìkànnì ṣì ń lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ títí di òní. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni Soundex kì í fọwọ́ kàn. Bí adàwékọ bá ṣi lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ kà, ẹ lè wá ẹni yẹn títí ọjọ́ alẹ́, kò ní jáde.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Mo fura pé obìnrin méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìdílé yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n máa ń fi orúkọ àgbà kan nínú ẹbí sọ ọmọ, bí ọmọ bá sì kú, èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀lé e tún lè jẹ́ ẹ. Ẹ wá bí ẹni 1851 náà ṣe kú kí ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn nípa rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo bá kọ́ níṣẹ́ yìí pé kí wọ́n sin ènìyàn kí wọ́n tó fún un lọ́mọ. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín títí yóò fi kàn wọ́n. Ẹ gbàgbé àpótí ìṣàwárí, ẹ ṣí àwòrán ìwé ìsìnkú ìjọ náà láti 1851, kí ẹ sì máa yí i ní ojúewé kọ̀ọ̀kan.

(Èyí kò kan ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́: ní England, kí ó tó di 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìparí ọdún ni oṣù kejì máa ń bọ́ sí. Ẹni tó bá rí ìgbéyàwó ní oṣù karùn-ún 1719, tó sì rí ọmọ ní oṣù kejì 1719, lè máa fojú burúkú wo àwọn òbí ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn ìgbéyàwó ni wọ́n bí i.)

Bí ẹ bá wá a tí ẹ kò rí i, ẹ má ṣe sọ pé kò sí. Iná ba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1890 jẹ́ ní Washington ní 1921; iná jó ti England àti Wales ti 1931 ní 1942; ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Ireland ní Dublin jóná ní 1922. Àwọn ìwé tí iná kò sì jó, púpọ̀ nínú wọn ṣì wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Parọ́:

Mo kí Bàbá Atúwèéwò. Èmi yóò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ DNA àti ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n ń bínú lé lórí, nítorí ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tọ̀.

Ẹ má tíì rà á nítorí ìbéèrè yìí. Obìnrin tí ẹ ń wá jẹ́ ìran kẹrin sókè yín. Lára ìyá ni a ti ń gba ìdajì, lára bàbá ni a ti ń gba ìdajì kejì, bí a bá sì ń pín in báyìí lọ sókè, ohun tó kù lára yín láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò máa lọ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Kékeré kọ́ ni ìyẹn, ó ṣeé rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ ni pé bí àwọn obìnrin méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bá jẹ́ ọmọ ẹbí kan, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe fura sí, orísun kan náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti ṣàn wá. Àwọn ìbátan tí èsì yóò kó jáde fún yín yóò bá yín tan, ìbáà jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ ni ìyá, ìbáà jẹ́ ìkejì. Ìwé ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ẹ̀jẹ̀ lè ṣì í kà. Centimorgan ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn DNA tí ènìyàn méjì jọ ní. Bí èsì bá sọ pé ẹ̀yin àti ẹnì kan pín nǹkan bí 1,750, ẹni náà lè jẹ́ òbí bàbá tàbí ìyá yín, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn, ó sì lè jẹ́ ọmọ bàbá yín tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín nípa rẹ̀ rí. Ọjọ́ orí ni ẹ óò kọ́kọ́ fi wádìí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lọ sí àwọn tí ẹ̀yin àti wọn pàdé ní ìran kẹrin sókè, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ẹ kò ní bá pín ohunkóhun tí àyẹ̀wò lè rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan yín ni ní tòótọ́. Ní ìran karùn-ún, ó tó ìdajì. Nítorí náà, bí orúkọ ẹnì kan kò bá jáde, ìyẹn kò ní kí ó máà jẹ́ ẹbí yín.

Ohun mìíràn tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ kò lè fi DNA tiyín nìkan sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2018, àwọn ọlọ́pàá California mú ọkùnrin kan tí wọ́n ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀. Kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n gbé DNA tó fi sílẹ̀ níbi tó ti ṣọṣẹ́ sórí GEDmatch, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń fi èsì DNA wọn wá ìbátan, àwọn ìbátan rẹ̀ tó jìnnà jáde, àwọn olùwádìí ìran sì to àtẹ láti ọ̀dọ̀ wọn sọ̀kalẹ̀ títí wọ́n fi kan ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Inú mi dùn pé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, àwọn ìbátan wọ̀nyẹn kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n fi dátà wọn síbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2019 ni ìkànnì náà tó yí òfin rẹ̀ padà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i nìkan ni ọlọ́pàá lè wo tirẹ̀.

Ẹ wá wo ti 23andMe, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò DNA, ní 2023. Àkáǹtì bí 14,000 ni àwọn olè orí ayélujára ṣí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn oníbàárà ti lò níbòmíràn. Nítorí pé ẹni kọ̀ọ̀kan lè rí ìsọfúnni àwọn ìbátan rẹ̀, ti nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 ènìyàn ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta 2025, iléeṣẹ́ náà lọ sá di kóòtù nítorí gbèsè, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pa dátà wọn rẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọmọ àbúrò ìyá yín kò jẹ̀bi. Ẹ yọ orúkọ ọmọ náà lónìí, kí ẹ sì pè é láti tọrọ àforíjì. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ pè é. Ọ̀pọ̀ ìkànnì máa ń fi orúkọ ẹni tó wà láàyè pamọ́ fúnra wọn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì tẹ àmì olóògbé, gbogbo rẹ̀ tú síta nìyẹn. Ẹ sì rántí pé orúkọ ìdílé tí ìyá ẹni ń jẹ́ kí ó tó lọ sílé ọkọ wà lára ohun tí àwọn ilé ìfowópamọ́ fi ń dá oníbàárà mọ̀. Iṣẹ́ wa sì ni láti máa to irú orúkọ bẹ́ẹ̀ síta pẹ̀lú ọjọ́ ìbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Alátakò Ọ̀rẹ́:

Ẹ̀yin àgbà, mo gbà fún yín lórí ohun gbogbo àfi ibi tí ẹ ti ń di ẹ̀bi ru íntánẹ́ẹ̀tì. Irọ́ ìran ti wà kí iná mànàmáná tó dé. Ọkùnrin kan wà ní New York tó ń jẹ́ Gustave Anjou, tó kú ní 1942. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣe ìtàn ìran ayédèrú fún àwọn olówó, ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé aláràbarà, títí di òní ni àwọn ènìyàn sì ń kó sí pàkúté rẹ̀. Ta ni kò tíì gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Ellis Island, erékùṣù tí wọ́n ti ń yẹ àwọn aṣíkiri wò ní New York, ló yí orúkọ ìdílé wọn padà nígbà tí bàbá àgbà wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi? Àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í kọ orúkọ tuntun fún ẹnikẹ́ni. Ìwé èrò tí wọ́n ti kọ kí ọkọ̀ tó ṣí ni wọ́n fi ń yẹ ènìyàn wò. Kí ni ó jẹ́ kí gbogbo wa lè mọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn ìwé èrò náà ni, tí wọ́n gbé sórí ayélujára ní 2001, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò lórí àga ilé rẹ̀.

Àṣìṣe tó wà nínú ìwé títẹ̀ kò ṣeé nu. Lórí ìkànnì WikiTree, tó ti wà láti 2008, ẹnì kan a máa ní ojúewé kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ ń tún ṣe, kì í ṣe pé kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní àtẹ ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá tún un ṣe níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di títún ṣe. (Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti sùn jí lọ́jọ́ kan rí tí mo bá ìyá ìyá mi àgbà pẹ̀lú ọkọ mìíràn. A jiyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dá ọkọ rẹ̀ padà fún un.)

Ìyàwó Àjòjì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún èmi náà láàyè, nítorí ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn, ìwé nìkan ni ẹ ń sọ.

Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni ọkọ mi. Àwọn tó ń wá irú ìran tiwọn máa ń sọ̀rọ̀ nípa ògiri 1870. Ìwé ìkànìyàn ọdún yẹn ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Nínú ti 1850 àti 1860, abẹ́ orúkọ olówó wọn ni wọ́n kà wọ́n sí: obìnrin, ọdún 30, aláwọ̀ dúdú, ọkùnrin, ọdún 4, aláwọ̀ dúdú. Kò sí orúkọ. Mo ti wo ojúewé kan lára wọn títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí mo mọ̀ pé ó ní láti jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ìlà yẹn ni ìyá ìyá bàbá ọkọ mi.

Láàárín 2015 sí 2016, àwọn olùyọ̀ǹda da orúkọ tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1.8 kọ jáde láti inú ìwé Freedmen's Bureau, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1865 láti mójú tó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ibẹ̀ ni a ti rí ìwé àdéhùn iṣẹ́ kan tí baba ńlá wọn fọwọ́ sí pẹ̀lú àmì X. Àdéhùn náà dárúkọ oko, oko náà ní olówó, olówó náà sì ní ìran tó ṣì wà láàyè. Mo kọ ìbéèrè sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá ìtàn agbègbè yẹn, n kò sì retí èsì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, obìnrin aláwọ̀ funfun kan kọ̀wé sí mi pé baba ńlá òun ló ni oko náà, pé ìwé ìhágún rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ òun láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, pé òun kò mọ ẹni tí ì bá fẹ́ rí i. Ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀ láàárín màlúù àti ẹ̀rọ ìtulẹ̀, iye owó wọn sì wà ní iwájú wọn. Ìlà kẹsàn-án ni obìnrin tí a ń wá, ìlà kẹwàá ni ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ìṣàwárí tó lè dé inú dúrọ́ọ̀ yẹn.

Ìdí nìyí tó fi dùn mí pé àwọn ibi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti ń gbé ń kú. Láti 1987 ni ẹgbẹ́ ímeèlì ROOTS-L ti wà, tí àwọn ènìyàn ti ń fi ímeèlì béèrè nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, kí ọ̀pọ̀ wa tó gbọ́ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìkànnì RootsWeb gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹgbẹ́ ímeèlì bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀, ti orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan, ti agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta 2020, wọ́n dá àwọn ẹgbẹ́ náà dúró. Àwọn ìwé tí wọ́n ti kọ ṣáájú ṣì ṣeé kà nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti kó lọ sórí Facebook, níbi tí ìdáhùn ti ń yá gan-an, tí ó sì ń rì gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹnì kan béèrè ohun tí mo ti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta, èmi gan-an kò sì rí ìdáhùn mi mọ́. Bí ìbéèrè mi bá jẹ́ ti òde òní, ṣé obìnrin yẹn ì bá rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́rin?

Ọmọ Aṣèwádìí:

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin àgbà. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé, mo sì ní ìròyìn.

Mo ti pe ọmọ àbúrò ìyá mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó dárí jì mí, ó sì ní kí n fi àtẹ náà han òun láìsí àwọn alààyè nínú rẹ̀.

Mo ṣe bí Bàbá Atúwèéwò ṣe wí. Mo kọ orúkọ obìnrin náà sínú àpótí ìṣàwárí ìwé ìsìnkú, kò mú nǹkan kan jáde. Mo wá ṣí àwòrán ìwé náà fúnra rẹ̀, àwòrán 212, mo sì ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní alaalẹ́. Àwòrán 67, ọdún 1855: orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, àti ọjọ́ orí rẹ̀, ọdún mẹ́rin. Akọ̀wé ìjọ náà máa ń fa ìrù lẹ́tà K rẹ̀ gùn, ó sì máa ń ká orí rẹ̀, ẹni tó ṣe atọ́ka sì ti kà á sí R. Ó ti kú láti ìgbà tí bàbá bàbá ìyá mi ti ku ọdún méje kó délé ayé. Mo kàn ń wò ó ni. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó kú láti ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo padà sí ìwé ìrìbọmi, mo sì rí obìnrin kejì: 1834, orúkọ kan náà, àbúrò bàbá ọmọ náà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ní 1862. Ìwé ìrìbọmi bàbá bàbá ìyá mi sì dárúkọ ọkọ rẹ̀.

Mo wá kọ̀wé sí gbogbo àwọn méjìdínlógójì tó ni àtẹ. Mẹ́sàn-án fèsì, márùn-ún sì tún tiwọn ṣe. Ọ̀kan sọ fún mi gbangba pé òun kò ní yí i padà, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọdébìnrin náà ni òun ti so mọ́ ìdílé gbajúgbajà kan. Èsì tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí àtẹ rẹ̀ pẹ́ jù lọ nínú gbogbo wọn. Ó ní 2003 ni òun kọ ọdún náà, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí òun fi àmì ìbéèrè sí i. Ó lọ wá ìwé àjákọ rẹ̀ ti ìgbà náà, ó sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Òótọ́ ni, 1851 ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè gàgàrà. Nígbà tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ibi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí kò gba ohunkóhun ju nọ́ńbà lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí ara rẹ̀ pé: “Má gbàgbé láti wo ìwé ìsìnkú.”